Ọwọ́ ẹ̀yìn mẹ́rin ni àbí márùn-ún? Ẹ gbà mí o

Kóòṣì Àdúgbò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mò ń darí àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Òṣogbo. Lọ́jọ́ Sunday, àwọn tó nà wá ní 4–1 lóṣù tó kọjá la tún fẹ́ bá gbá. 4-3-3 (mẹ́rin sẹ́yìn, mẹ́ta láàárín, mẹ́ta níwájú) la lò nígbà yẹn, a ní àwa náà mọ bọ́ọ̀lù gbá. Wọ́n fi pásì wẹ́wẹ́ yí wa po títí eruku pápá fi kún wa lójú. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ ká jókòó sẹ́yìn, ká gba bọ́ọ̀lù, ká wá fi eré sísá pa wọ́n. Mo ní ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, tó bá ti ki eré mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá a. Ṣé kí n to márùn-ún sẹ́yìn ni àbí mẹ́rin?

Ọmọ Èkó Gidi:
Ẹ to márùn-ún jàre. Ṣé ẹ ò wo Super Eagles níbi ife ẹ̀yẹ Áfíríkà (AFCON) ní Côte d'Ivoire lọ́dún 2024 ni? Peseiro, kóòṣì wọn nígbà yẹn, to Ajayi, Troost-Ekong àti Bassey sáàárín, ó fi Aina àti Sanusi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Cameroon ò rí nǹkan ṣe. 2–0, Lookman ló jẹ méjèèjì.

Nọ́ńbà 6 Àtijọ́:
Kóòṣì, ẹ kú làálàá. Òótọ́ ni ará Èkó yìí sọ, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni. Ẹ tún bọ́ọ̀lù Cameroon yẹn wò. Góòlù kìíní, Osimhen ló lọ já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ ọwọ́ ẹ̀yìn wọn, ó tì í fún Lookman. Ìkejì, ní ìṣẹ́jú 90, Bassey tó yẹ kó wà lẹ́yìn ló gbá a wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Ta ló wá jókòó níbẹ̀? Àwọn mẹ́ta àárín yẹn náà ló gbá fáínà pẹ̀lú Côte d'Ivoire. Troost-Ekong fi orí jẹ ọ̀kan, inú wa dùn, la bá sá wọlé. Gbogbo bọ́ọ̀lù tá a gbá jù síwájú ló ń padà wá bá wa. Kessié tiwọn dá a padà ní ìṣẹ́jú 62, Haller parí ẹ̀ ní 81. Ẹsẹ̀ Adingra ni bọ́ọ̀lù méjèèjì ti wá.

Ẹ fi mẹ́rin sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó máa dúró síwájú wọn ni kẹ́ ẹ wá. Nọ́ńbà 6 lèmi náà nílé ìwé, ní Ìlọrin. Mo máa ń gba bọ́ọ̀lù dáadáa, àmọ́ tí mo bá gbà á tán, inú igbó ni mò ń gbá a sí. Kóòṣì wa wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sẹ́yìn mi. Tí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, á na ìka sókè, mo sì gbọ́dọ̀ pe iye ẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kàn mí lẹ́sẹ̀. Bí mo bá ṣì í, mo máa sáré yí pápá po. Mo yí i po débi pé àwọn ewúrẹ́ ibẹ̀ mọ̀ mí. Nígbà tó yá, ọrùn mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀yìn.

Pásì àkọ́kọ́ ẹni yẹn gbọ́dọ̀ lọ síwájú kí àwọn tẹ́ ẹ̀ ń bá gbá tó tò padà. Kí ọmọ mẹkáníìkì yín má kọjá ìdajì pápá wá sẹ́yìn láé. Kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ọwọ́ ẹ̀yìn wọn ti máa ń gòkè jù. Wíńgì méjèèjì ni kó máa sá padà wá dí ẹ̀yìn.

Kóòṣì Àdúgbò:
Wàhálà dé. Bàbá ọmọ tó ń gbá wíńgì ọ̀tún ló ra jẹ́sì fún wa. Kì í sá padà.

Nọ́ńbà 6 Àtijọ́:
Ẹ sọ ti Eto'o, agbábọ́ọ̀lù iwájú Cameroon nígbà kan, fún un. Ó jẹ góòlù fún Barcelona ní fáínà Champions League 2006 àti 2009. Ní 2010, ó ti wà ní Inter, wọ́n lọ bá Barcelona gbá ní Camp Nou, wọ́n lé Motta tiwọn jáde ní ìṣẹ́jú 28, Eto'o wá di ọwọ́ ẹ̀yìn. Barcelona nà wọ́n ní 1–0, síbẹ̀ Inter ló lọ fáínà, torí wọ́n ti na Barcelona ní 3–1 nílé.

Kóòṣì Àdúgbò:
Mo sọ fún un lálẹ́ àná. Ó ní ta ló ń jẹ́ Eto'o. Àmọ́ ó ti gbà láti máa dé ìdajì pápá.