Kí ni ká máa pe ẹni tó ń rò ó kó tó gbà?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ìbéèrè tó wà níwájú wa ni orúkọ tí a lè fún ẹni tí ó ń fi làákàyè ara rẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀, tí kì í gba nǹkan gbọ́ torí pé gbogbo ìlú ti gbà á gbọ́, tí ó sì ń gbé ìgbé ayé rẹ̀ bí àwárí rẹ̀ ti rí. Orúkọ mẹ́ta ni wọ́n ti dá lábàá: adárò, adánìkanronú àti aláìgbàgbọ́. N kò fara mọ́ ìkankan nínú wọn, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ adárò kò gùn. Ẹni tó mú un wá fẹ́ kí a gbọ́ ọ bí ẹni tó ń dá rò ó fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí etí Yorùbá ti mọ dárò mọ́ ọ̀fọ̀, ìdárò sì ni a ń pe ewì tí a fi ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tó lọ. Irú ẹ̀dùn bẹ́ẹ̀ wà nínú ronú pàápàá, nítorí bí a bá sọ fún opó pé kó má ronú mọ́, a kò sọ pé kó má lo ọpọlọ rẹ̀.

Ní ti adánìkanronú, ẹ wo àwọn tó jọ ń bá a rìn: adánìkanjẹ, adánìkanjọpọ́n. Èébú ni wọ́n. Láwùjọ tí a ti ń retí kí oníkálukú ṣe bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe, orúkọ tó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí ti dá ẹni náà lẹ́bi kó tó la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó ń lo ọgbọ́n orí ara rẹ̀ lè ní èrò lẹ́yìn. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kàwé nílùú Òyìnbó, síbẹ̀ nígbà tí àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ l'Ábẹ̀òkúta ń wọ gáùn, ìró àti bùbá ni ó padà sí, èdè Yorùbá ni ó sì ń fi sọ̀rọ̀ ní gbangba, títí kan iwájú àwọn aláṣẹ ìjọba amúnisìn. Ó darapọ̀ mọ́ àwọn obìnrin ọjà láti kọ owó orí, nígbà tí Aláké Adémọ́lá Kejì sì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló wà lẹ́yìn Fúnmiláyọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí à ń fi "adánìkan" pè.

Aláìgbàgbọ́ ni ó ká mi lára jù, nítorí pé ó fẹ́ jọ òótọ́. Ẹni tó dá a lábàá tọ́ka sí Táí Ṣólàárín, kò sì ṣìnà nínú ohun tó sọ nípa ọkùnrin náà. Nígbà tí Ṣólàárín ti ìlú Òyìnbó dé ní 1952, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá àgbà Mọlúṣì College n'Ijẹ̀bú-Igbó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àdúrà àárọ̀ àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn da òun àti àwọn aláṣẹ ibẹ̀ rú. Ó fibẹ̀ sílẹ̀, òun àti Sheila ìyàwó rẹ̀ sì dá Mayflower sílẹ̀ n'Íkẹ́nnẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1956, níbi tí kò ti sí àdúrà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dá oko, tí wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́. Ṣòkòtò péńpé kakí ni ó ń wọ̀ káàkiri ní àkókò tí agbádá jẹ́ àmì ẹni tó ti dé ipò. Kò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sì fi pamọ́.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo orúkọ tó sọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Mayflower ni ọkọ̀ ojú omi tó gbé àwọn èèyàn kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ onígbàgbọ́ paraku tí kò fẹ́ máa jọ́sìn bí ìjọba ti là á sílẹ̀ fún gbogbo ìlú. Ọkùnrin tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ fi ọkọ̀ àwọn tó kọjá òkun nítorí Ọlọ́run sọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórúkọ. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé kò sí èyí tó gbà kí ẹlòmíràn bá òun rò ó. Ohun náà gan-an ni mo fẹ́ kí orúkọ wa gbé yọ, tí mo fi dábàá *aròkótógbà*, ẹni tó ń rò kí ó tó gbà. Àti onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́ ló lè jẹ́ aròkótógbà, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà méjèèjì kò sì ní jẹ́ ẹ.

Ẹnìkan ti sọ pé ó gùn jù. Agbésùnmọ̀mí kò kúrú jù ú lọ, kò sì sí rédíò Yorùbá tí kì í pè é. Ẹlòmíràn bi mí pé, bí ẹni náà bá rò ó tán tó sì kọ̀ ńkọ́? Ìbéèrè gidi nìyí. Ìdáhùn mi wà nínú "kó tó": bí ìyá bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó wádìí ìdílé ọkùnrin kó tó fẹ́ ẹ, kò pọn dandan pé kí ìgbéyàwó wáyé.

Ní ti ìgbé ayé, n kò rò pé a nílò ọ̀rọ̀ tuntun. Nínú Bíbélì Yorùbá, ẹni tí kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni ni wọ́n ń pè ní òmìnira, kó tó di pé a ń lo ọ̀rọ̀ náà fún orílẹ̀-èdè ní 1960. Ẹ jẹ́ ká dá a padà sára èèyàn: Ṣólàárín jẹ́ aròkótógbà, ó sì gbé ayé bí òmìnira. Ibi tí ọwọ́ mi kò tíì tó ni orúkọ ìwà náà fúnra rẹ̀, nítorí ìròkótógbà wúwo lẹ́nu. Títí dìgbà tí a ó fi rí èyí tó dára jù ú lọ, "ìwà aròkótógbà" ni mo máa lò, mo sì bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní Yorùbá kí ẹ dán an wò nínú gbólóhùn pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, kí ẹ sì sọ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ fún wa.