Dókítà kọ oògùn fún mi, ó ní kí n má tíì gbà á: ṣé ìlànà ni?

Bàbá Tèmi
Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ojúmọ́. Ọjọ́ karùn-ún tí ọ̀fun ti ń dùn mí, tí ikọ́ ń bá a rìn, tí n kò lè gbé ẹ̀bà mì, ni mo tó rí dókítà ìdílé wa níhìn-ín ní England. Ó tan tọ́ọ̀ṣì wo ọ̀fun mi, ó ní ó pọ́n gan-an, ó bi mí bóyá ara mi gbóná lóru àná, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọ ìwé oògùn penicillin fún mi, àmọ́ ó ní kí n má lọ gbà á àfi bí kò bá rọlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Nílé, bí èèyàn bá ti dé kẹ́míìsì tó ní ọ̀fun ń dun òun, kápúsù ni wọ́n máa kà lé e lọ́wọ́. Ṣé ìlànà ìṣègùn ni èyí, àbí owó ìjọba ni wọ́n ń ṣọ́? Bó bá sì jẹ́ ìlànà, kí ló dé tí dókítà kan náà fi fún ìyàwó mi ní tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀ lọ́dún tó kọjá?

Dókítà Ìdílé
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀gá mi. Ìlànà ni. Àjọ NICE, tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún England, gbé ti ọ̀fun dídùn jáde ní 2018 àti ti ikọ́ ní 2019. Àmì ni dókítà yín ń kà bó ṣe ń bi yín léèrè. Márùn-ún ni: kí ara ti gbóná láàárín wákàtí 24, kí ọyún wà lára bélúbélú, kí bélúbélú náà wú kó sì pọ́n gan-an, kí aláìsàn ti wá láàárín ọjọ́ 3 tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má sì sí ikọ́ tàbí ọ̀finkìn. Ẹni tó ní 0 tàbí 1 kò gba oògùn apakòkòrò bíi penicillin. Ẹni tó ní 4 tàbí 5 lè gbà á lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó wà láàárín lè má gbà rárá, tàbí kí a kọ irú ìwé tiyín yìí fún un. Bí ó bá le sí i lójijì, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan, ẹ padà lọ.

Ìyá Olóògùn
Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀fun dídùn, penicillin kò sì rí i gbé ṣe. NICE fúnra wọn kọ ọ́ pé nǹkan bíi wákàtí 16 ni oògùn náà ń dín kù nínú àìsàn tó sábà máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Ikọ́ tiẹ̀ lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ohun tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn ní sùúrù nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé gbogbo dókítà ń tẹ̀ lé ìlànà náà. Iṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n ní fún aláìsàn kan; bó bá di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, tí ẹni náà sì ń tẹnu mọ́ ọn pé òun lò ó lẹ́ẹ̀kan tó ṣiṣẹ́, ìwé kíkọ yá ju àlàyé lọ. Ní 2014, Sally Davies, tó jẹ́ olórí dókítà ìjọba England nígbà náà, kọ lẹ́tà sí àwọn ilé ìwòsàn tó ń kọ oògùn apakòkòrò jù, pé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ilé ìwòsàn agbègbè wọn ni kì í kọ tó tiwọn. Lẹ́tà lásán yẹn fi bíi ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún dín in kù.

Bàbá Tèmi
Ẹ ṣeun gan-an. Mo bi ìyàwó mi. Ọjọ́ kejì ló lọ, kò wúkọ́, ara rẹ̀ gbóná, bélúbélú rẹ̀ wú, ọyún funfun sì wà lára rẹ̀. Mo fi ìka kà á: márùn-ún. Tèmi jẹ́ méjì péré. Ìwé náà ṣì wà lórí fíríìjì. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́ta, mo sì jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án.