Mo gbẹ́ OSOGBO, OBGOSO ló jáde

Àdùkẹ́ Ìgbóná:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà. Àwòrán tí wọ́n ń fi línò tẹ̀, tí wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á fi íǹkì kùn ún, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, wù mí, ni mo bá ra kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sí yàrá ní ọjà Ìgbóná, mo fi abẹ gbẹ́ ẹ. Ńṣe ló ń ya, abẹ tún gé mi lọ́wọ́ òsì. Mo gbẹ́ OSOGBO sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, OBGOSO ni mo rí! Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣé ọwọ́ mi ni kò mọ́ ọn ṣe ni?

Onílínò Òkè-Fíà:
Pẹ̀lẹ́ ọwọ́ o, ọmọ mi. Rọ́bà lo gbẹ́, kì í ṣe línò. Epo línsíìdì àti ìyẹ̀fun kọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń ṣe línò, wọ́n á wá tẹ́ ẹ sórí aṣọ bíi ti àpò kòkó. Yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí o tó sanwó. Línò gidi, bí ẹni ń gé ọṣẹ ni. Bí ọyẹ́ bá mú kó le, sá a sóòrùn díẹ̀. Èmi a tiẹ̀ máa jókòó lé e.

Gbé abẹ sílẹ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ inú agbòòrùn tó ti bàjẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀: ó ní kòtò láàárín, mo pọ́n ẹnu rẹ̀ lórí òkúta, mo fi igi ṣe èèkù fún un. Má sì jẹ́ kí ọwọ́ òsì wà níwájú irin láé.

Ti OBGOSO yẹn, bí ìgbà tí a wo ọ̀rọ̀ nínú dígí ni títẹ̀ ṣe ń yí i padà. O mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ṣẹ̀ ẹ́. S, G àti B ló dójú tì ẹ́. Fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sórí pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, da ojú rẹ̀ dé línò, kí o fi ṣíbí ra ẹ̀yìn rẹ̀. Á yí ara rẹ̀ padà fún ọ.

Òṣèré ni Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé nínú ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀ kí wọ́n tó kọ́ iṣẹ́ ọnà lọ́dọ̀ ayàwòrán Denis Williams ní Mbárí Mbáyọ̀, ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Òṣogbo, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Línò wà lára iṣẹ́ tí a mọ̀ wọ́n mọ̀. Ta ló wá sọ pé ọwọ́ rẹ kò lè mọ́ ọn?

Ọmọ Olúòde:
Bàbá, íǹkì wo ni kí á lò? Tèmi ń dí ibi tí mo gbẹ́.

Onílínò Òkè-Fíà:
Ti àwọn atẹ̀wé ni. O bù ú pọ̀ jù ni. Fi rólà yí i lórí gíláàsì títí yóò fi máa dún ṣìì bí àkàrà nínú epo, lẹ́yìn náà ni kí o yí i sórí línò.

Àdùkẹ́ Ìgbóná:
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Mo yí ẹ̀yìn tèmi wò, ó ń dán bí àwo. Agbòòrùn ìyá mi kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn o. Kò tíì bàjẹ́ ṣá.