Ibo ni kí n fi àmì sí lórí máàpù jàǹbá Mount Hood?

Ayamáàpù: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. QGIS, ètò kọ̀ǹpútà fún máàpù, ni mo fi ń ya máàpù jàǹbá àwọn tó ń gba ìhà gúúsù gun òkè Mount Hood ní Oregon, Amẹ́ríkà, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gùn ún lè kọ́gbọ́n. Inú ìròyìn jàǹbá tí American Alpine Club, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun òkè, ń tẹ̀ lọ́dọọdún ni mo ti ń kó àkọsílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn sọ ibi tí wọ́n ti rí ẹni tó ṣubú, wọn ò sọ ibi tí ẹsẹ̀ ti yẹ̀. Èwo ni kí n mú?

Àjọkẹ́: Ibi tí ẹsẹ̀ ti yẹ̀ ni o. Kí ẹ wá fa ìlà láti ibẹ̀ dé ibi tó balẹ̀ sí. Ẹ wo ti May 30, 2002: àwọn mẹ́rin tó so okùn kan náà mọ́ra yọ̀ ṣubú lókè Hogsback, ìyẹn òkìtì yìnyín gígùn kan nítòsí ṣóńṣó òkè náà, wọ́n gbá àwọn tó wà nísàlẹ̀ lọ, èèyàn mẹ́sàn-án já sínú bergschrund, kòtò tí yìnyín máa ń là síbẹ̀. Mẹ́ta kú. Wọ́n so okùn mọ́ ara wọn, wọn ò so ó mọ́ òkè, nítorí náà ẹnì kan yọ̀, ó fa ìyókù. Tó bá jẹ́ inú kòtò nìkan lẹ fi àmì sí, ẹni tó ń wò ó á rò pé kòtò náà ni kóun sá fún.

Òkè_Ìrókò: Òótọ́ ni. Àmọ́ tí ìròyìn bá kàn sọ pé "nítòsí Hogsback", ẹ má fi àmì kékeré síbẹ̀ bíi pé ó dá yín lójú. Ẹ yí òbìrí sí i, bíi mítà 150 sí ọ̀tún àti òsì. Ẹ kọ ọdún sí i pẹ̀lú, torí Hogsback àti kòtò yẹn máa ń sún kiri láti ọdún dé ọdún. Àkọsílẹ̀ gíga ilẹ̀ onímítà 10 tí USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wọn ilẹ̀, ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ kò lè fi kòtò tó fẹ̀ ní mítà 3 hàn, nítorí náà ẹ má gbára lé e láti sọ bí ojú ibẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó.

Àjọkẹ́: Ẹ má sì lo máàpù tó ń pọ́n níbi tí àmì bá pọ̀ sí. Ìhà gúúsù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà, dandan ni kó pọ́n! Ohun tó fà á ni kẹ́ ẹ fi àwọ̀ yà sọ́tọ̀: ẹsẹ̀ yíyẹ̀, yìnyín tó já látòkè, afẹ́fẹ́ olóró láti inú ihò imí-ọjọ́. Ẹ fi aago kún un, àti bóyá wọ́n ń gòkè ni àbí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, bóyá akoto wà lórí. Aago ṣe pàtàkì gan-an: tí oòrùn bá ti ta sí àwọn àpáta òkè, yìnyín ara wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹ yọ orúkọ àwọn olóògbé kúrò.

Ayamáàpù: Tí ìròyìn ò bá sọ ohun tó fà á ńkọ́?

Òkè_Ìrókò: Ẹ kọ "a ò mọ̀", kẹ́ ẹ fi àwọ̀ eérú kùn ún. Ẹ má méfò.