Tòmátì onílẹ̀dú, kì í ṣe tòmátì aṣaralóore

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi.

Láti ọjọ́ Ajé ni a ti ń wá orúkọ fún tòmátì tí wọ́n gbìn láìlo ajílẹ̀ òyìnbó, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ọ́gáníìkì, tí àwa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) níbí ń pè ní bíò nítorí Faransé tí a kà nílé ìwé. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìbàdàn dá "tòmátì aṣaralóore" lábàá, ọ̀pọ̀ yín sì ti kan sáárá sí i. Ẹ̀gbọ́n, mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ ọ́: mi ò lè fara mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn.

A-ṣe-ara-ní-oore. Ìdájọ́ ló wà nínú rẹ̀, kò sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ oko. Ó ti ṣèlérí oore fún ẹni tó fẹ́ rà á kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀n ọ́n wò. Bẹ́ẹ̀, "èròjà aṣaralóore" ni gbogbo wa ti ń pe fítámínì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Bí olùkọ́ kan bá wá fẹ́ kọ ọ́ pé aṣaralóore inú tòmátì aṣaralóore oko kan kéré sí ti oko kejì ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé olùkọ́ ṣìwí ni. Gbólóhùn yẹn sì gbọ́dọ̀ ṣeé kọ, nítorí pé òótọ́ ni.

Ẹ wo tòmátì fúnra rẹ̀. Nínú 100 gíráàmù, omi nìkan ń lọ bíi 94. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Oòrùn tó bá kan èso ń fi kún fítámínì C rẹ̀. Èyí tó sá pamọ́ sábẹ́ ewé kì í ní tó bẹ́ẹ̀. Lycopene tó ń sọ ọ́ di pupa fẹ́ràn ooru bíi 20 sí 25 lórí ìwọ̀n Celsius. Bí ooru bá ti kọjá 30 tí kò sì rọlẹ̀, ewéko kì í lè pèsè rẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́, èso á wá yọ àwọ̀ ọsàn dípò kó pọ́n dáadáa. (Ẹni tó bá ti gbé Kétu mọ irú oòrùn tó ń ràn lóṣù Kẹta.) Bí omi bá mọ níwọ̀n, èso á kéré, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ á pọ̀ sí i. Bí náítírójìn bá pọ̀ jù, ewé á ṣú bo èso, fítámínì C á sì wálẹ̀, ì báà jẹ́ inú àpò ajílẹ̀ òyìnbó ni náítírójìn náà ti wá tàbí inú imí adìẹ. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí nìyẹn. Àgbẹ̀ bíò tó da imí adìẹ lé ilẹ̀ láìwọ̀n ọ́n lè kórè tòmátì tí oore rẹ̀ kò tó nǹkan, bíò rẹ̀ á sì máa jẹ́ bíò síbẹ̀.

Mi ò sọ pé ìyàtọ̀ kò sí o. Yunifásítì Kalifóníà ní Davis gbé àbájáde ọdún 10 jáde ní 2007: quercetin, ọ̀kan lára èròjà tí ewéko fi ń dáàbò bo ara rẹ̀, fi ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ nínú tòmátì bíò wọn ju nínú èyí tí wọ́n fi ajílẹ̀ òyìnbó gbìn lọ, kaempferol, irú èròjà bẹ́ẹ̀ mìíràn, sì fi ìdá 97 jù ú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ kan ni. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí ilẹ̀ náà ń lọ́ràá, tí wọ́n sì ń dín ajílẹ̀ tí wọ́n ń dà sí i kù, ni iye èròjà wọ̀nyí ń ga sí i. Ní Ceará, ní Brasil, àwọn olùwádìí rí i ní 2013 pé tòmátì bíò kéré ju èkejì lọ ní nǹkan bí ìdá 40, àmọ́ àwọn èròjà tí ewéko fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ gan-an. Ìnira tó rí lóko ni wọ́n kà sí ìdí rẹ̀. Ewéko tí ìyà díẹ̀ jẹ ló ń wá ohun ìjà fún ara rẹ̀.

"Àbáláyé" tí àwọn kan mú wá kò bá a mu: ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tòmátì ti wá, àwọn baba ńlá wa kò bá a láyé. "Aláìlóògùn" náà kì í ṣe òótọ́, torí òfin bíò ti ilẹ̀ Yúróòpù pàápàá gba oògùn tí wọ́n fi bàbà ṣe láàyè.

Èmi náà ti kọ́kọ́ dá "abọ́lẹ̀" sílẹ̀, èyí tó ń bọ́ ilẹ̀, kó lè jẹ́ ọmọ ìyá ajílẹ̀, èyí tó ń jí ilẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo gbé e lọ bá àǹtí mi tó ń ta tòmátì ní ọjà Ouando. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé èyí tó já bọ́ sílẹ̀ ni?" Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò ní ṣiṣẹ́. Ká má tíì sọ ti ẹni tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, tó máa kà á bí ẹni tó ń bọ ilẹ̀. Mo wá ní, "Tòmátì onílẹ̀dú ńkọ́?" Wọ́n dáhùn pé, "Ẹ̀n-ẹ́n, èyí tí wọ́n fi ewé jíjẹrà àti ìgbẹ́ ẹran tọ́jú ilẹ̀ rẹ̀." Mi ò tíì ṣàlàyé ohunkóhun fún wọn.

Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn. Ilẹ̀ pupa ni tiwa, ọwọ́ èèyàn ló ń sọ ọ́ di ilẹ̀dú, ilẹ̀ dúdú tó lọ́ràá, pẹ̀lú sùúrù. Ohun tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ ẹran àti pàǹtí oko ṣe nìyí ní Songhaï, oko ẹ̀kọ́ tí Àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1985. Orúkọ náà sọ bí a ṣe tọ́jú ilẹ̀, kò sì ṣèlérí oore fún ẹnikẹ́ni. A lè wá máa sọ ti "ìwọ̀n aṣaralóore tòmátì onílẹ̀dú" láìsí ìdàrúdàpọ̀. "Ìdára" tí àwọn kan fẹ́ ká lò dípò "ìwọ̀n aṣaralóore" kò tó, torí tòmátì tó dáa lẹ́nu àwọn ọlọ́jà ni èyí tó tóbi, tó le, tí kò ní bẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀.

Ní ti "ipò ìdàgbàsókè" tí wọ́n dá lábàá fún oòrùn, omi àti ilẹ̀ tí èso fi dàgbà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún ìjọba. "Ohun tí tòmátì rí lóko" tó mi.

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan ló kù tó ń jẹ mí lọ́kàn: ṣé àwọn ọ̀dọ́ Ìbàdàn ṣì ń pe ilẹ̀dú, àbí ẹnu àwọn àgbà nìkan ló kù sí? Kí ẹni tó bá wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ náà bá mi bi àwọn ará ibẹ̀.