Báwo la ṣe ń wọn òṣì ọmọdé lọ́nà tí ìjọba á fi lè rí i lò?

Akọ̀wé_Ìṣirò
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Dátà ìwádìí ilé-dé-ilé kan ló wà lọ́wọ́ mi: iye tí ìdílé ń ná lóṣù, iye ènìyàn inú ilé àti ọjọ́ orí wọn, omi, ilé ìgbẹ́, ilé ìwé, àjẹsára, àti gíga àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Ìjọba fẹ́ mọ ìdá àwọn ọmọ tó wà nínú òṣì àti ibi tó yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ. Ṣé kí n kàn pín ináwó ilé fún iye orí, kí n wá ka àwọn ọmọ tó bọ́ sábẹ́ ìlà òṣì (iye owó tí ẹni tí ináwó rẹ̀ kò bá tó o jẹ́ tálákà)? Àbí àìní wọn gan-an ni kí n kà? Ṣé mo sì lè to àwọn àgbègbè ní ipò, láti orí èyí tó burú jù?

Onígègé
Tí ẹ bá pín in fún orí lásán, ìdílé ọlọ́mọ púpọ̀ á dà bíi tálákà ju bó ṣe rí lọ. Ìṣirò yẹn ka ọmọ ọwọ́ sí àgbàlagbà, kò sì ro ti ohun tí gbogbo ilé jọ ń lò, bí òrùlé àti iná.

Ẹ mú ìdílé kan tó ní àgbà 2 àti ọmọ 4 tí kò tíì pé ọdún 14, tí wọ́n ń ná 270 lóṣù. Fún orí 6, 45 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n OECD (àjọ ètò ọrọ̀ ajé tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ wà nínú rẹ̀) tí wọ́n tún ṣe ka àgbà àkọ́kọ́ sí 1, ẹlòmíì tó bá ti pé 14 sí 0.5, ọmọ tí kò tíì pé 14 sí 0.3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2.7, èsì sì di 100. Tí ẹ bá fi square root iye ènìyàn pín in, ó di nǹkan bí 110. Ilé kan náà, owó kan náà!

Èyí kò sọ òṣùwọ̀n OECD di òfin o. Níbi tí oúnjẹ bá ti ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ináwó, àjọlò kì í fi bẹ́ẹ̀ dín owó kù, 0.3 sì kéré fún ọmọ. Ẹ ṣe é lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì tún ìlà òṣì ṣírò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á yí òṣùwọ̀n padà, wọ́n á fi ìlà tó wà fún orí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe wà, òṣì á sì pòórá lórí ìwé. Ìlà Báǹkì Àgbáyé, tó di dọ́là 3.00 lójúmọ́ ní oṣù kẹfà 2025, fún orí kọ̀ọ̀kan ló wà. Ẹ má gbé e lé owó tí ẹ ti fi òṣùwọ̀n OECD pín.

Ọmọ ni kí ẹ kà, kì í ṣe ilé. Ẹ fi iye ọmọ inú ilé sọ ìwọ̀n ilé náà (weight, iye ìdílé tí ilé kan dúró fún nínú ìwádìí) di púpọ̀ kí ẹ tó ṣírò ìdá.

Ìyá_Àtẹ
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n owó ilé kò sọ ẹni tó jẹun nínú ilé. Ẹ ka àìní náà pẹ̀lú, kó sì jẹ́ ti ọmọ fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ orí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, bí MODA, ọ̀nà tí UNICEF fi ń ka oríṣiríṣi àìní ọmọ, ṣe ń ṣe: 0–23 oṣù, 24–59 oṣù, ọdún 5–14, ọdún 15–17. Àjẹsára kò wúlò fún ọmọ ọdún 12, ilé ìwé kò kan ọmọ oṣù 8. Fún ọmọ tí kò tíì pé 5, ẹni tí gíga rẹ̀ bá wà lábẹ́ -2 SD (ìwọ̀n ìyapa méjì sísàlẹ̀ gíga àárín fún ọjọ́ orí rẹ̀) lórí òṣùwọ̀n WHO ti 2006 ni ẹ ó kà sí ẹni tí kò dàgbà tó bó ṣe yẹ. Ẹ̀ka àìní 5 tó fún ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí àwọn ẹ̀ka wọn kò bá ti rí bákan náà, ẹ má fi ẹgbẹ́ kan wé èkejì, kí ẹ ní àwọn ọmọ kékeré "tòṣì ju" àwọn àgbà wọn lọ.

Ká ní ọmọ 1,000 ló wà, tí 400 nínú wọn ní àìní 2 ó kéré tán nínú 5, tí àwọn 400 yìí sì ní àìní 3 ní ìpíndọ́gba. Ìdá àwọn tó tòṣì, H, jẹ́ 40%. Bí òṣì wọn ṣe jinlẹ̀ tó, A, jẹ́ 60%. M0, ìyẹn H lọ́nà A, jẹ́ 0.24. H nìkan ni àwọn olóṣèlú máa ń fẹ́ràn. Ẹ fi M0 sí i, torí bí wọ́n bá mú ọmọ kan láti àìní 5 wá sí 3, H kò ní mira rárá.

Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni àyè òfo. Tí wọn kò bá wọn gíga ọmọ kan, kọ̀ǹpútà lè fi 0 síbẹ̀, ọmọ náà á sì di ẹni tí kò ní àìní. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tí wọn kò wọ̀n: inú ìdílé wo ni wọ́n ti wá?

Akọ̀wé_Ìṣirò
Ẹ ṣé gan-an, mà. Tí mo bá wá fi ìpele ọrọ̀ 5 hàn, láti olówó dé tálákà, ṣé ó tó láti fi ṣàlàyé àìdọ́gba?

Bàbá_Ìlà
Ó tó, tí ẹ bá mọ ohun tó wà nínú atọ́ka ọrọ̀ yẹn (àkójọ ohun inú ilé tí wọ́n fi ń pín ìdílé sí ìpele 5). Omi àti ilé ìgbẹ́ sábà máa ń wà níbẹ̀. Tí ẹ bá wá ní "àwọn tálákà ni kò ní omi", ẹ kàn fi omi ṣàlàyé omi ni. Ẹ yọ wọ́n kúrò, kí ẹ tún un ṣe. Ìpele tó kéré jù jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ènìyàn lọ́jọ́ gbogbo, nítorí náà kò lè sọ fún yín bóyá òṣì ń dínkù. Ọmọ sì máa ń pọ̀ nísàlẹ̀, kì í ṣe ìdá 20 àwọn ọmọ ló wà níbẹ̀.

Ní ti títo àgbègbè ní ipò: rárá, àyàfi tí wọ́n bá ṣètò ìwádìí náà fún un. Tí ọmọ 60 péré bá wà láti àgbègbè kan, tí ẹ rí 40%, tí àwọn ará àdúgbò kan náà sì jọra tó fi jẹ́ pé variance (ìwọ̀n bí èsì ṣe lè yàtọ̀) di ìlọ́po 2, òtítọ́ lè wà níbikíbi láàárín 22% sí 58%. Àgbègbè kẹta àti ìkẹtàlá lè má yàtọ̀ síra rárá. Tí ìkànìyàn tí kò tíì pẹ́ bá wà, ẹ lè so ó pọ̀ mọ́ ìwádìí yìí láti ṣírò fún àgbègbè kéékèèké.

Ìwádìí ilé-dé-ilé kò rí ọmọ tó ń sùn lójú pópó tàbí èyí tó wà nílé ìtọ́jú ọmọ aláìlóbìí. Ẹ kọ ìyẹn sójú ìwé àkọ́kọ́, kì í ṣe sí ẹ̀yìn.

Ẹ sì fi iye ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdá nínú àtẹ yín. Ẹkùn tí òṣì rẹ̀ jẹ́ 70% lè ní ọmọ 7,000 tó tòṣì nínú 10,000. Èyí tó jẹ́ 35% lè ní 70,000 nínú 200,000. Ẹni tó bá rí ìdá nìkan á kó owó lọ síbi àkọ́kọ́.