Giggle, chuckle àti ẹgbẹ́ wọn: "ẹ̀rín-kékeré" kò tẹ́ mi lọ́rùn

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún oríṣi ẹ̀rín la fẹ́ túmọ̀ sí Yorùbá. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ká máa pe giggle (ẹ̀rín wẹ́wẹ́ bíi ti ọmọdé) ní "ẹ̀rín-kékeré", ká pe chuckle (ẹ̀rín jẹ́jẹ́ nínú ọ̀fun) ní "ẹ̀rín-àárín", ká sì pe guffaw (ẹ̀rín aláriwo) ní "ẹ̀rín-ńlá". Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ̀rín kì í ṣe bàtà tí a ń wọn ẹsẹ̀ rà.

Ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀ lé "rẹ́rìn-ín" la fi ń mọ irú ẹ̀rín lọ́dọ̀ tiwa. Ẹni tó rẹ́rìn-ín músẹ́ kò fọhùn rárá. Ẹni tó rẹ́rìn-ín kèékèé, ará ilé kejì gbọ́. Ti ẹni tó rín àríntakìtì, ẹ bá mi fà á dìde nílẹ̀. Kódà smile àti laugh tí Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀, ẹ̀rín náà ni méjèèjì. Guffaw ti rílé sí kèékèé nìyẹn. Ní ti giggle, mo rò pé "rẹ́rìn-ín kíkíkí" tó o. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń tẹ "kíkíkí" sórí fóònù láìbi ẹnikẹ́ni.

Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ mọ̀ pé etí ló ń gba ọ̀rọ̀ wọlé. Òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì nì, Lewis Carroll, ló hun chortle (kéèyàn rẹ́rìn-ín ayọ̀) nínú ìwé Through the Looking-Glass, èyí tó jáde lọ́dún 1871. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé ó lú chuckle pọ̀ mọ́ snort (kéèyàn fi imú fọhùn). Kò ṣàlàyé kankan, ìró ọ̀rọ̀ náà ló tà á.

Ti àkànlò èdè ńkọ́? Ẹnìkan túmọ̀ laughing stock sí "ọjà ẹ̀rín". Háà! Ta ló fẹ́ rà á? "Ẹni ẹ̀sín" tàbí "ẹni yẹ̀yẹ́" ti wà kí wọ́n tó bí wa. Laugh up one's sleeve náà, "rẹ́rìn-ín sínú" ni, kò sí apá aṣọ kankan níbẹ̀. (Apá agbádá wa ìbá kúkú gba ẹ̀rín èèyàn mẹ́ta, ṣùgbọ́n a ò fi í sọ bẹ́ẹ̀.)

Bó bá di dandan ká ṣẹ̀dá, ẹ jẹ́ ká wo "adẹ́rìn-ínpòṣónú". Ẹni tó ń dá ẹ̀rín pa òṣónú! Ìṣe wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí náà wà níbẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni "gáàsì apanilẹ́rìn-ín" (laughing gas) gbà fún afẹ́fẹ́ tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nì, Humphry Davy, ń fà símú ní Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1800. Mo fọwọ́ sí i.

Chuckle ò tíì rí tirẹ̀; snigger náà ò tíì bọ́ sójú ọ̀nà. Ẹ̀rín ẹlẹ́yà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu rín in ni, kí ẹni tí wọ́n ń rín má baà gbọ́. "Rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà lábẹ́lẹ̀" gùn jù. Ẹ̀yin ará Èkìtì, Ìjẹ̀bú àti Òǹdó, kí lẹ ń pè é nílé?